Àwòrán Tó Jọ Aṣọ Òfì

Jọmílójú jí ní kùtùkùtù. Ó ń jó, ó ń yí. Lónìí ni àwòrán rẹ̀ ń lọ síbi àfihàn àwòrán ní Sakété!

Tántì Soukaina, àbúrò màmá rẹ̀, ló kọ́ ọ. Àwòrán ni Tántì máa ń kùn. Ṣùgbọ́n aṣọ òfì ni àwòrán rẹ̀ máa ń jọ!

Jọmílójú náà ti kun tirẹ̀ sára aṣọ funfun. Ìlà fífẹ̀ mẹ́rin ni: ọ̀kan pupa, ọ̀kan bí aró, ọ̀kan bí ọsàn, ọ̀kan bí ewé.

Ó sá a sórí okùn lẹ́yìnkùlé wọn ní Pobè. Tó, tó, tó! Ọ̀dà ṣì ń kán.

Ìyá Àgbà jáde. Láti kékeré ni Ìyá Àgbà ti ń hun òfì. Ahunṣọ kì í sì í fi ojú nìkan wo aṣọ. Ọwọ́ ló fi ń wò ó.

"Ha! Òfì yìí mà dára o! Ta ló hun ún?"

Ó na ọwọ́. Ó fi ra á. Wọ́ṣọ́, wọ́ṣọ́!

"Ìyá Àgbà, rárá! Mi ò hun ún, mo kùn ún ni!"

Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ọwọ́ Ìyá Àgbà ti pupa. Ìlà pupa ti di wúruwùru.

"Yéè! Ọkọ mi, mo ti bà á jẹ́. Má bínú."

Jọmílójú bú sẹ́kún. Hìn-ín, hìn-ín, hìn-ín! Láago mẹ́rin ni Tántì ń bọ̀ wá gbé àwòrán. Ta ló máa gbé èyí tó bàjẹ́ lọ sí Sakété?

Ó fi ojú rẹ̀ pamọ́ sára ìró Ìyá Àgbà. Òfì ni ìró náà. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́, tẹ́ẹ́rẹ́, tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n rán pọ̀.

Jọmílójú nu omijé rẹ̀. Ó ń ronú.

"Ìyá Àgbà, bí tẹ́ẹ́rẹ́ kan bá bàjẹ́, ṣé gbogbo aṣọ lẹ máa ń dà nù?"

"Dà nù kẹ̀! A ó yọ ọ̀kan yẹn, a ó rán òmíràn sí i."

"Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́ nígbà yẹn!"

Ìyá Àgbà mú àlùmọ́gàjí. Ká, ká, ká! Ìlà wúruwùru bọ́ sílẹ̀.

Wọ́n wá aṣọ funfun tuntun. Jọmílójú gbé búrọ́ọ̀ṣì fún Ìyá Àgbà.

"Ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́, ẹ̀yin lẹ máa kùn ún!"

"Èmi? Mi ò kun nǹkan rí o."

"Mo máa kọ́ yín."

Ìyá Àgbà kun síhìn-ín, ṣá! Ó kun sọ́hùn-ún, ṣá! Bó ṣe ń ju ọ̀kọ̀, igi tó ń gbé òwú kọjá, lórí òfì náà ló ń ju búrọ́ọ̀ṣì. Ọ̀dà ta sí i nímú. Jọmílójú rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Oòrùn mú. Ọ̀dà gbẹ. Ìyá Àgbà fi abẹ́rẹ́ rán an. Láago mẹ́rin, pọ̀ọ́n, pọ̀ọ́n! Tántì dé, gbogbo wọn sì jọ lọ.

Ní Sakété, wọ́n gbé àwòrán náà kọ́ ògiri. Tántì kọ orúkọ sábẹ́ rẹ̀: Jọmílójú.

"Tántì, kò tíì pé," ni Jọmílójú wí. Ó gba bírò, ó kọ orúkọ Ìyá Àgbà sí i, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tóbi gbàǹgbà:

JỌMÍLÓJÚ ÀTI MÀRÚFÁTÙ.

Inú Ìyá Àgbà dùn, ó gbé ọmọ náà sókè, ó sì sọ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá pé, "Èmi ni Màrúfátù!"