Ṣájà Abẹ́ Tọ́wẹ́lì

Bí aago mẹ́ta ọ̀sán bá ti lù, tí ilé ìwé sì ti jáde, ṣọ́ọ̀bù Onídìrí kì í ṣe ibi tí èèyàn ti lè gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Àwọn ìyá á jókòó sórí àga, orí wọn á wà ní ìdajì dídì, ìdajì títú. Àwọn ọmọ wọn á kóra jọ síwájú tẹlifíṣọ̀n kékeré tó wà lára ògiri, wọ́n á máa du páàdì géèmù mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Ọkọ Onídìrí ló ra ẹ̀rọ géèmù náà. Kì í ṣe pé owó pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó rí i pé àwọn oníbàárà tó lọ́mọ ń sá lọ ni. Ta ló fẹ́ jókòó fún wákàtí mẹ́rin kí ọmọ máa fà á láṣọ? Láti ọjọ́ tí géèmù ti dé, àwọn ọmọ gan-an ló ń rán ìyá wọn létí pé irun orí wọn ti gbó.

Wàhálà kan ló wà níbẹ̀. Bátìrì ló wà nínú páàdì méjèèjì, wáyà fóònù ọkọ rẹ̀ sì ni wọ́n fi ń fún wọn ní iná. Bí baálé ilé bá ti jáde lọ síbi iṣẹ́, ó ti mú wáyà rẹ̀ lọ nìyẹn. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, páàdì ti kú, ẹkún ti bẹ̀rẹ̀, oníbàárà á sì fẹ́ dìde tòun ti orí ìdajì.

Onídìrí wá lọ sí ilé ìtajà ńlá kan láti béèrè ṣájà tí wọ́n ń gbé páàdì méjì jókòó lé lẹ́ẹ̀kan náà. Ojúlówó ló béèrè, èyí tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ṣe. Nígbà tí ó gbọ́ iye rẹ̀, ó ní kí ọmọbìnrin tó ń tajà tún un sọ. Onídìrí kì í fi owó ka owó, orí ló fi ń kà á. Orí mẹ́fà ni iye tí wọ́n pe ṣájà yìí. Orí mẹ́fà dídì kéékèèké, pẹ̀lú ẹ̀yìn ríro àti ẹsẹ̀ wíwú, nítorí ike tí kò tóbi ju bàtà ọmọdé lọ. Inú bí i débi pé kò dágbére kó tó jáde.

Ó ro ẹjọ́ náà fún àbúrò ọkọ rẹ̀, ẹni tí ó ti ń pè ní Akọ̀wé láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ. Akọ̀wé fi í rẹ́rìn-ín. Ó ní orúkọ ni àwọn yẹn ń tà, pé ibì kan náà ni wọ́n ti ń ṣe gbogbo rẹ̀, àmì lásán ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn. Lọ́jọ́ kẹta ó gbé ọ̀kan dé nínú náílọ̀n. Iye rẹ̀ kò tó orí kan. Àmì ilé iṣẹ́ wà lára rẹ̀ gbàgàdà, iná pupa kékeré kan sì wà níwájú rẹ̀.

"Méjì ni mo rà," ni Akọ̀wé wí. "Ìkan ti wà nílé mi. Ìyàwó wa, ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́ yín jẹ mọ́."

Onídìrí dúpẹ́ títí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Kò yí ṣájà náà padà wò. Ta ni yóò máa yẹ ẹ̀bùn àbúrò ọkọ wò níṣojú rẹ̀?

Ó wá àyè fún un lórí pẹpẹ igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí ńlá. Ní ṣọ́ọ̀bù irun, irun tó ń já bọ́ kì í jẹ́ kí nǹkan kan wà ní mímọ́. Ó ń wọ inú diráyà, ó ń wọ inú rédíò, ó ń wọ inú tíì tí wọn kò bá tètè mu. Ìdí nìyí tí Onídìrí fi máa ń fi tọ́wẹ́lì bo ohunkóhun tó bá ń lo iná. Bí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Ó ṣẹ́ tọ́wẹ́lì po sí méjì, ó sì fi bo ṣájà àti páàdì méjèèjì bí ẹni fi aṣọ bo ọmọ tó ń sùn.

Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọmọ rẹ̀ obìnrin kíyè sí nǹkan. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń pè é, nítorí pé ó máa ń sọ̀rọ̀ bí arúgbó.

"Mọ́mì, páàdì yìí gbóná," ni ó wí.

Onídìrí ń fi ẹ̀rọ na irun oníbàárà kan lọ́wọ́. Ó na ọwọ́ kejì, ó fọwọ́ kan páàdì náà, ó dá a padà fún un. Ọwọ́ tó ti ń di ẹ̀rọ gbígbóná mú láti ọdún mẹ́rìndínlógún, kí ló tún kù tó máa gbóná lójú rẹ̀? Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Àgbà tún wá sọ pé ẹ̀yìn páàdì kan ti wú, pé kò jókòó dáadáa mọ́. Ìyá rẹ̀ ní bóyá ó ti jẹun yó ni. Àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé páàdì padà sórí ṣájà, ó sì fi tọ́wẹ́lì bò ó bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

Ọjọ́ Ẹtì ni ọ̀rọ̀ náà bẹ́. Obìnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní òpópónà kejì, tí wọ́n ń pè ní Ẹnjiníà, ló jókòó sórí àga, Onídìrí sì ti di ìdajì orí rẹ̀. Oníbàárà méjì mìíràn ń dúró, àwọn ọmọ mẹ́ta wà nílẹ̀. Ìyá Àgbà ní tirẹ̀ ti ká jọ sábẹ́ pẹpẹ igi náà, níbi tó máa ń sá sí bí oorun bá ń kùn ún, ó gbé orí lé àpò aṣọ ìdọ̀tí.

Ẹnjiníà gbé imú sókè. "Kí ló ń rùn yìí?"

"Irun ni," ni Onídìrí fèsì láìgbé ojú kúrò lórí iṣẹ́. Kò sí ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀bù náà kì í rùn bí rọ́bà tó jóná. Bí wọ́n bá ti di irun tán, wọ́n á fi iná jó ìdí rẹ̀ kí ó má baà tú.

"Ta ló ń jó irun lọ́wọ́ báyìí?"

Ọwọ́ Onídìrí dúró. Ó wo yàrá náà yíká. Kò sí ẹni tó ń jó irun. Láti àárọ̀, kò tíì sí orí kankan tó parí débi tí wọ́n á fi jó o. Ó yíjú sí pẹpẹ, ó rí èéfín tín-ín-rín tó ń yọ láti etí tọ́wẹ́lì. Lábẹ́ rẹ̀ gan-an ni ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà ti yọ síta, tòun ti ìbọ̀sẹ̀ ilé ìwé.

Ó fò lọ síbẹ̀, kò mọ ohun tó tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó gbá ẹsẹ̀ ọmọ náà mú, ó wọ́ ọ jáde bí ẹni wọ́ àpò, ọmọ jí, ó figbe ta. Onídìrí tún na ọwọ́ sí tọ́wẹ́lì.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án," ni Ẹnjiníà wí. Kò pariwo, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ le. "Ibo lẹ ti ń pa gbogbo iná ilé? Ẹ̀yin yòókù, ẹ kó àwọn ọmọ jáde."

Súwíìṣì ńlá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Onídìrí tàsé rẹ̀ kó tó pa á. Diráyà dákẹ́, tẹlifíṣọ̀n kú. Wọ́n jáde sójú títì, àwọn oníbàárà pẹ̀lú tọ́wẹ́lì lọ́rùn, àwọn ọmọ láìwọ bàtà. Ẹnjiníà ti gbé fóònù sétí, ó ń júwe ibi tí wọ́n wà fún àwọn panápaná. Onídìrí fún ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó ń kà á. Ọmọ kan ṣoṣo ni, síbẹ̀ ó ń kà á, ọwọ́ méjì, ẹsẹ̀ méjì, ojú méjì. Ó ń rò ó pé, ká ní oníbàárà mìíràn ló jókòó sórí àga yẹn ńkọ́, ẹni tí òórùn ṣọ́ọ̀bù ti mọ́ lára bíi tòun?

Iná kò ràn. Nígbà tí àwọn panápaná dé, wọ́n fi igi ṣí tọ́wẹ́lì náà. Abẹ́ rẹ̀ ti dúdú. Ike ṣájà ti yọ́ mọ́ pẹpẹ, páàdì kan sì ti wú débi pé ẹ̀yìn rẹ̀ ti là. Wọ́n fi ṣọ́bìrì gbé páàdì náà sínú garawa irin tí wọ́n bu yẹ̀pẹ̀ sí, wọ́n gbé garawa síta, jìnnà sí ilé. Wọ́n ní bátìrì tó bá ti wú, èèyàn kì í tẹ̀ ẹ́, kì í gún un, kì í sì í jù ú sí inú ìdọ̀tí, nítorí ó lè gbiná lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wákàtí.

Bí wọ́n ti lọ tán ni ìbẹ̀rù Onídìrí di ìbínú.

"Àwọn tó ń ta ojúlówó ló fa gbogbo èyí," ni ó wí. "Bí wọn ò bá pe ike ní orí mẹ́fà, kí ni ǹ bá fi ayédèrú ṣe?"

Ẹnjiníà gbà pẹ̀lú rẹ̀, èyí sì yà á lẹ́nu. Ó ní òun kò ní gbèjà wọn. Àpò tí wọ́n fi ń gbé ẹ̀rọ kiri, rọ́bà tí wọ́n fi ń bo páàdì, ike tí wọ́n kàn ń gbé e lé láìsí iná níbẹ̀, orúkọ ló kó púpọ̀ nínú owó wọn, ti ọlọ́jà kékeré sì lè ṣiṣẹ́ kan náà. Kódà ṣájà ojúlówó yẹn, ó ní iye rẹ̀ pọ̀ lójú òun náà. Lẹ́yìn náà ó yọ irin tó fi ń tú fóònù láti inú àpò rẹ̀, ó tú ohun tó kù nínú ṣájà Akọ̀wé.

"Ẹ wo inú rẹ̀," ni ó wí. "Wáyà yìí ò nípọn ju irun tí ẹ ń dì lọ. Ibí yìí ló yẹ kí ohun tó ń dá iná dúró wà, bí bátìrì bá ti kún tàbí tó bá gbóná jù. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Àmì ara rẹ̀ nìkan ni wọ́n fara balẹ̀ ṣe."

Ó ní kì í ṣe ojúlówó nìkan ló dáa. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn wà tó ń ṣe tiwọn, tí wọ́n gba àṣẹ, tí wọ́n kọ orúkọ ara wọn sí i, owó wọn sì lè má tó ìdajì ti ojúlówó. Bí tiwọn bá bàjẹ́, a mọ ẹni tí a máa bá wí. Ẹni tó jí orúkọ ẹlòmíràn lẹ̀ mọ́ ọjà ńkọ́, ta la fẹ́ mú?

Ó wá béèrè pé wáyà tó bá ẹ̀rọ géèmù náà wá dà. Onídìrí ní kò sí wáyà kankan. Ẹnjiníà ní ó gbọ́dọ̀ wà. Ìyá Àgbà, tó ti nu ojú, tọ́ka sókè. Páálí ẹ̀rọ géèmù náà wà lórí pẹpẹ tó ga jù, níbi tí bàbá rẹ̀ gbé e sí, tó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án kí ó má baà ya. Wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, nínú náílọ̀n tí wọn kò tíì já, wáyà ojúlówó wà níbẹ̀, wọ́n ká a jọ, wọ́n so ó. Oṣù mẹ́rin ló ti wà lókè orí wọn, owó rẹ̀ sì ti wà nínú iye tí wọ́n fi ra ẹ̀rọ.

Onídìrí fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kò jáde. Nǹkan kan ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ sí i lọ́kàn ni. Méjì ni Akọ̀wé rà.

Ó pè é. Fóònù dún títí, ó sì dákẹ́. Ó pe ìyàwó Akọ̀wé, fóònù tirẹ̀ kò wọlé. Ọmọ méjì ni wọ́n ní nílé yẹn, èyí tó kéré kò tíì pé ọmọ ọdún méjì. Ó tún pe Akọ̀wé. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ló tó gbé e.

"Ìyàwó wa, ṣé kò sí o?"

"Akọ̀wé, ṣájà géèmù tí ẹ rà, ibo ló wà?"

Ó ní ó wà nínú iná, ní yàrá àwọn ọmọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, wọ́n sì ń sùn lọ́wọ́. Ó fẹ́ béèrè ìdí. Onídìrí kò jẹ́ kó béèrè. Láti ọdún mẹ́wàá tó ti fẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò pàṣẹ fún un rí.

"Ẹ gbé àwọn ọmọ jáde. Ẹ pa iná láti ibi súwíìṣì ńlá, ẹ má fọwọ́ kan ṣájà yẹn. Ẹ máa lọ báyìí. Mi ò ní gbé fóònù sílẹ̀."

Ó gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó gbọ́ ilẹ̀kùn. Ó gbọ́ ọmọ kékeré tó ń sunkún pé wọ́n jí òun lójú oorun, kò sì tíì gbọ́ ẹkún tó dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí Akọ̀wé padà sórí fóònù, kò sí ẹ̀rín lóhùn rẹ̀ mọ́.

"Ìyàwó wa," ni ó wí, "ògiri ẹ̀gbẹ́ ṣájà yẹn ti dúdú."

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù, bí ẹ bá ní wọ́n gbówó lé ohun èlò géèmù ju bó ṣe yẹ lọ, ó ṣeé ṣe kí ẹ jàre. Ẹ bínú, ẹ ná ọjà, ẹ lọ wo ṣọ́ọ̀bù mìíràn. Ohun tí kò lo iná, ẹ ra èyí tí agbára yín ká. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tí iná ń gbà kọjá, tàbí tó ní bátìrì nínú, ẹ má torí ẹ̀dínwó ra èyí tí ẹ kò mọ ẹni tó ṣe é. Ẹ béèrè rìsíìtì. Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ kọ́kọ́ wo inú páálí tí ẹ̀rọ bá wá, bóyá ohun tí ẹ ń wá ti wà níbẹ̀.

Ohun tó bá ń gba iná, ẹ má fi aṣọ bò ó, ẹ má sì gbé e sí ibi tí ọmọ ń sùn. Bí ó bá gbóná jù, tó wú, tàbí tó ń rùn, ẹ pa iná láti orísun rẹ̀, ẹ kó èèyàn jáde, ẹ pe panápaná. Bí ọmọ bá sì wá sọ fún yín pé nǹkan gbóná, ẹ gbà á gbọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ìyá Àgbà sọ tirẹ̀.

Bí ẹ ṣe ń ka ìwé yìí, ṣájà kan wà nínú iná nílé yín. Ẹ gbé ìwé sílẹ̀ ná, kí ẹ lọ wò ó.