Agolo Oògùn Kòkó Nílé Ìdáná Hannah

Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ku ọ̀la ní Ìjurin lọ́dún 1964. Búrẹ́dì tí Hannah máa ń ki ẹja sí nínú ni àwọn ọmọdé ń retí. Kò ní ààrò búrẹ́dì. Ìkòkò irin ló ń lò: yóò da iyanrìn sí ìsàlẹ̀, yóò gbé àwo lé e, yóò sì kó ẹyín iná sórí ìdérí, kí ooru lè wá láti òkè àti ìsàlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìwúkàrà ti tán.

“Bàbá Jọkẹ́,” ló wí fún ọkọ rẹ̀, Jacob, tó ń ti oko kòkó bọ̀, “ẹ bùn mi ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹmu yín, kí n fi wú ìyẹ̀fun.”

“Èyí tí kò tó èmi mu, ìyẹ̀fun tún fẹ́ bá mi pín in!” Jacob rẹ́rìn-ín, ó gbé agolo ẹmu kalẹ̀. “Ó yá. Òkè ni tèmi, ìsàlẹ̀ ni tìrẹ.”

Hannah wo agolo náà. “Ṣé kì í ṣe ti oògùn kòkó nìyí?”

“Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi iyanrìn àti ọṣẹ fọ̀ ọ́. Oògùn ṣáà ni, wọn kò pè é ní májèlé. Kòkó wa tó ń ṣàìsàn, ṣé kò wò ó sàn?”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí. Ó da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sínú ìyẹ̀fun, ó pò ó, ó fi aṣọ bò ó títí ó fi wú. Ó ki ẹja gbígbẹ, ata àti àlùbọ́sà sí àárín ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ká ẹnu wọn pọ̀. Òórùn kan ń ta sí i nímú díẹ̀díẹ̀. Ó ní àlùbọ́sà ni.

Jọkẹ́, ọmọ ọdún mẹ́fà, jókòó ti ìkòkò títí wọ́n fi jinná. “Màmá, èyí tó wọ́ yìí, ṣé ẹ óò gbé e lọ síwájú Ọlọ́run bẹ́ẹ̀?”

“Alájẹkì! Mú un.”

Ó jẹ ẹ́. Ó tún jẹ méjì sí i.

Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí bì. Lẹ́yìn náà ara rẹ̀ gan, ó ń gbọ̀n.

“Gìrì ni!” ìyá Jacob figbe ta. “Ẹ bu epo pupa wá!”

Hannah fúnra rẹ̀ ló la ẹnu ọmọ náà tí wọ́n fi da epo sí i.

Kí wọ́n tó rí ọkọ̀ akẹ́rù tó gbé wọn dé ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní Ìjerò, Jọkẹ́ ti kú.

Ọ̀gbẹ́ni Olúkáyọ̀dé, dispẹ́ńsà tó ń po oògùn níbẹ̀, bi wọ́n ní ohun tí ọmọ náà jẹ. Nígbà tí Hannah dárúkọ búrẹ́dì, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹmu àti agolo oògùn kòkó, ó gbé kálàmù rẹ̀ kalẹ̀.

“Kí ni wọ́n yà sára rẹ̀?”

“Agbárí òkú àti egungun méjì, sà.”

“Kí lẹ rò pé ó ń sọ?”

“A rò pé kòkòrò ni wọ́n ń kìlọ̀ fún,” ni Jacob fèsì.

“Bàbá, májèlé ni. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ agolo bí ọ̀rá, ọṣẹ kì í fọ̀ ọ́ tán. Inú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ló rọ̀ sí. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yin tí ẹ mu òkè fi yè é.”

“Ṣùgbọ́n mo fi iná sè é, sà,” ni Hannah wí.

“Iná kì í pa á.”

“Epo tí a fún un ńkọ́?”

“Epo máa ń mú irú májèlé yìí tètè wọnú ara.”

Hannah wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe fi agolo májèlé oko gbé omi, ẹmu tàbí oúnjẹ, bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó. Bí ẹnikẹ́ni bá jẹ májèlé náà tàbí tó mu ún, ẹ má fún un ní epo tàbí wàrà. Ẹ sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ sì mú agolo náà dání kí wọ́n lè rí i. Agolo tó bá ti ṣófo, ẹ lù ú níhò kí ẹ tó rì í mọ́lẹ̀ jìnnà sí odò, nítorí ẹni tí yóò hú u lọ́la lè má mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ rí.