Ohùn Tí Kò Jáde Nílé Bàbá Olórin

Ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ni Oníwáyà, ọmọbìnrin tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, ti kọ́kọ́ pàdé ọkùnrin tó da ọkàn rẹ̀ rú. Ó ti ki orí bọ àárín kọ́bọ́ọ̀dù àti ògiri, eruku ti bo gbogbo irun rẹ̀, ó ń wá ibi tí wáyà pupa kan já sí, nígbà tí ọwọ́ kan na tọ́ọ̀ṣì sí i láti òdìkejì.

"Ṣé kí n tàn án síbí?" ni ọkùnrin náà béèrè.

"Ìsàlẹ̀ ni kóo tàn án sí. Ojú mi kọ́ ló bàjẹ́, sípíkà ni."

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Atẹ̀wé ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré kan, yíǹkì sì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀ bí eruku ṣe wà lábẹ́ ti Oníwáyà. Bàbá rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Olórin, ló ni ẹ̀rọ náà. Rìsífà ńlá kan ni, irú èyí tó máa ń gba ohùn láti ara tẹlifíṣọ̀n, tí yóò sì pín in fún àwọn sípíkà tó yí pálọ̀ ká. Ẹ̀sùn bàbá kò ju ẹyọ kan lọ: orin ń jáde, ariwo ń jáde, ọ̀rọ̀ ẹnu èèyàn ni kò jáde.

Oníwáyà mọ ibi tí yóò kọ́kọ́ wò. Sípíkà àárín ló ń gbé ọ̀rọ̀ jáde nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Bí wáyà rẹ̀ bá yọ, àwọn tó wà nínú fíìmù á kàn máa la ẹnu lásán. Ó tún wáyà náà dì, ó tan ẹ̀rọ, akéde ìròyìn sì sọ̀rọ̀ ketekete. Atẹ̀wé pàtẹ́wọ́. Ó sin Oníwáyà dé ẹ̀bá títì, ó gba nọ́ńbà rẹ̀, ó ní nítorí rìsífà ni. Irọ́ gbuu.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, fóònù ti ń dún. Ọ̀rọ̀ kò jáde mọ́.

Bí wàhálà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lónìí, wọ́n á ní sípíkà ọwọ́ òsì ti dákẹ́. Lọ́la, wọ́n á ní àwọn ṣánẹ́ẹ̀lì ti sọnù. Tó bá tún yá, wọ́n á ní gbogbo rẹ̀ ń kígbe bí ẹni tí iná jó. Gbogbo ìgbà tí Oníwáyà bá dé ló ń bá ohun tó ti tò ní rúdurùdu, ẹnìkan á ti tẹ ibi tí kò yẹ kó tẹ̀.

"Ta ló fọwọ́ kan rìmóòtù yìí?"

"Ṣé mo jọ ọmọdé tó ń fi rìmóòtù ṣeré ni?" ni Bàbá Olórin á fi dá a lóhùn.

Ó pààrọ̀ wáyà. Ó tú ìdí rìsífà, ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku inú rẹ̀. Ó dá gbogbo rẹ̀ padà sí bó ṣe wà nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ lójú rẹ̀, ó ń daṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó sú u débi pé ó dojú kọ rìsífà lọ́jọ́ kan, ó ní, "Kí ni mo tiẹ̀ fi ṣe ẹ́ gan-an?"

Ohun kan ṣoṣo tó ń lọ déédéé nílé yẹn ni òun àti Atẹ̀wé. Atẹ̀wé á di tọ́ọ̀ṣì mú, wọ́n á sì jọ máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ibẹ̀ náà ló ti sọ fún un pé òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ibí lo wá rí sọ ọ́?"

"Ibí nìkan ni o kì í ti sá lọ dá oníbàárà mìíràn lóhùn, ọkàn mi."

Oníwáyà rẹ́rìn-ín títí eruku fi mú un sín. Inú rẹ̀ dùn gan-an lọ́jọ́ náà.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Atẹ̀wé sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun ti rí ìyàwó, bàbá yọ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Ta ni? Ọmọbìnrin tí kò lè tún ẹ̀rọ ṣe yẹn?"

"Bàbá, ó mọṣẹ́."

"Ó mọṣẹ́, ìṣòro kan ṣoṣo ló sì ń gbé e wá síbí lójoojúmọ́? Ó ń ba ẹ̀rọ mi jẹ́ kó lè máa rí ẹ ni. Mi ò fẹ́ alárékérekè nínú ilé mi."

Àǹtí, ẹ̀gbọ́n Atẹ̀wé, gbè sẹ́yìn bàbá. Ó ní kí àwọn kúkú ra rìsífà tuntun, kí ẹsẹ̀ ọmọbìnrin náà lè kúrò nílé.

Atẹ̀wé gbé gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wá sí ṣọ́ọ̀bù Oníwáyà, kò yọ ìkankan kúrò níbẹ̀. Àwọn ọkùnrin kan kò mọ ohun tó yẹ kí wọ́n gbé mì.

"Jọ̀ọ́, ọkàn mi, bá mi tún nǹkan yìí ṣe kó má tún bàjẹ́ mọ́."

"Àbí ìwọ náà rò pé èmi ni mò ń bà á jẹ́?"

Atẹ̀wé wolẹ̀ ná kó tó sọ pé rárá o. Wíwolẹ̀ yẹn dun Oníwáyà ju gbogbo ohun tí bàbá sọ lọ. Ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀, ó ní òun ń lọ síbẹ̀ fún ìgbà ìkẹyìn. Bí ẹ̀rọ náà bá fẹ́ kó sọ̀rọ̀, bí kò bá fẹ́ kó yadi.

Bàbá nìkan ló bá nílé. Rìsífà bẹ́ẹ̀ ní ohùn ìdánwò kan nínú, ohùn ṣìììì jẹ́jẹ́ kan tó máa ń ti inú sípíkà kan bọ́ sí òmíràn yí pálọ̀ ká. Oníwáyà ní kí bàbá jókòó sáàárín, kó máa nawọ́ sí ibi tó bá ti gbọ́ ọ. Bàbá ń nawọ́, kò sì ṣì í: iwájú, ọ̀tún, ẹ̀yìn. Oníwáyà ti fẹ́ máa palẹ̀ mọ́ nígbà tó ṣàkíyèsí pé ojú òun ni bàbá tẹjú mọ́. Ibi tí òun bá yíjú sí ni bàbá ń nawọ́ sí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dijú."

"Kí ni kí n dijú fún?"

"Ẹ ṣáà bá mi dijú."

Bàbá dijú. Ohùn náà tún bẹ̀rẹ̀. Ó kọjá níwájú, ó kọjá lápá ọ̀tún, ó kọjá lẹ́yìn. Ọwọ́ bàbá wà lórí itan rẹ̀, kò mira.

"O ò tíì tàn án ni?" ló béèrè.

Oníwáyà pa ohùn náà, ó tẹjú mọ́ bàbá. Ọkùnrin yìí ló fi gbogbo ayé rẹ̀ darí ẹgbẹ́ akọrin, bí ẹnìkan bá ṣi ohùn gbé láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn, òun ló ń tọ́ka sí olúwarẹ̀. Bàbá lajú, ó rí ojú Oníwáyà, ó yé e pé àṣírí òun ti tú.

"Mo fẹ́ kó jẹ́ pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́," ló sọ jẹ́jẹ́. "Tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀, ẹnu yín ni mò ń wò. Jọ̀ọ́, má sọ fún wọn. Bí o bá lè bò mí láṣìírí, mo fọwọ́ sí i, kí ọmọ mi fẹ́ ẹ."

Ohun tí Oníwáyà ń wá gan-an ni wọ́n gbé síwájú rẹ̀ yìí, ó kàn kù kó ní ó dáa ni. Ṣùgbọ́n ṣé orúkọ alárékérekè ni yóò gbé wọlé ọkọ?

"Bàbá, ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ ọkọ tí mo fi ẹnu dídì gbà. Ẹnu ara yín lẹ fi bà mí lórúkọ jẹ́. Èmi kọ́ ló máa tún ìyẹn ṣe."

Atẹ̀wé wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì. "Kí ló wá ṣe ẹ̀rọ yẹn gan-an?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Má bi mí jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Bàbá ò bá mi sọ̀rọ̀, ìwọ náà ò sọ̀rọ̀! Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?" Ó gbá tábìlì, ó jáde. Oníwáyà gbé orí lé rédíò oníbàárà, ó sunkún.

Lọ́jọ́ tí Àǹtí gbé páálí rìsífà tuntun wọlé, òun fúnra rẹ̀ ló pe Oníwáyà. Ó ní bàbá ti kọ̀ jálẹ̀, pé àfi kí Oníwáyà wá tò ó. Oníwáyà fi ìbínú lọ. Atẹ̀wé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kò wojú rẹ̀. Bí Oníwáyà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ya páálí náà, Bàbá Olórin gbọ́wọ́ sókè.

"Fi sílẹ̀. Ẹ dá a padà síbi tí ẹ ti rà á. Rìsífà mi ò ní nǹkan kan, etí mi ni kò gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́. Èmi ni mò ń tẹ rìmóòtù yẹn kiri. Ọmọ yìí ti mọ̀, mo bẹ̀ ẹ́ kó bò ó, ó bò ó, síbẹ̀ ó kọ̀ láti gba ọkọ lọ́wọ́ mi lọ́nà ẹ̀yìn. Mo purọ́ mọ́ ọn."

Àǹtí jókòó sórí páálí tuntun láìmọ̀. Atẹ̀wé rìn wá bá Oníwáyà, ojú tì í.

"O mọ̀, o sì jẹ́ kí n máa gbá tábìlì lé ẹ lórí?"

"Tábìlì ṣì wà níbẹ̀. Lọ bẹ̀ ẹ́."

"Ìwọ ni mo fẹ́ bẹ̀."

"Inú ṣì ń bí mi."

"Jẹ́ kó máa bí ẹ. Ṣáà má lọ."

Oníwáyà kọ ẹ̀yìn sí pálọ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó sì sọ̀rọ̀ kan tí Atẹ̀wé nìkan gbọ́. Bàbá Olórin na ọrùn títí, kò rí ẹnu rẹ̀. Ó fa àpótí ìjókòó kan sí iwájú ara rẹ̀, ó fọwọ́ lù ú.

"Ìyàwó wa," ló pè é, "má dá sọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún yẹn. Wá jókòó síwájú mi níbí, kí n lè máa wo ẹnu rẹ."