Òwú Tí Àwáwù Ràn Sílẹ̀

Ràmọ́nì ń hun aṣọ lórí òfì níwájú ilé rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn nígbà tí lọ́rì Àmúdà dúró lójú ọ̀nà. Àmúdà sọ̀kalẹ̀, ó fa ọmọdébìnrin kan lọ́wọ́. Àdìjátù ni, àbíkẹ́yìn Ràmọ́nì. Eruku ti bò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Bàbá Àdì, ẹ wo ohun tí mo bá láàárín àpò ẹ̀gẹ́ mi," ni awakọ̀ náà wí. "A ti dé Òtu kí n tó gbọ́ ikọ́ ọmọ lẹ́yìn ọkọ̀. Ó ní òun ń lọ mú ìyá òun wálé láti Ṣakí."

Ràmọ́nì dìde lórí òfì. Àwáwù, ìyá Àdìjátù, ti kú láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Ràmọ́nì fúnra rẹ̀ ló sọ fún ọmọ pé ìyá rẹ̀ rìnrìn àjò lọ sí Ṣakí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ fún ọmọdé nígbà tí òun náà wà ní kékeré. Ó gbé ìrànwú olóògbé àti agbọ̀n òwú tó ràn sílẹ̀ sórí àjà, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ rẹ̀ nínú ilé mọ́.

Àtọ́kẹ́, ẹ̀gbọ́n Ràmọ́nì obìnrin, jáde láti ìdí àdògán tó ti ń dáná.

"Ràmọ́nì, irọ́ rẹ ti wọ lọ́rì! Tó bá jẹ́ ọkọ̀ ẹni tí a kò mọ̀ ló wọ̀ ńkọ́?"

"Kí lẹ fẹ́ kí n sọ fún ọmọ kékeré?"

Àtọ́kẹ́ fa ọmọ wọlé láti lọ wẹ̀ fún un.

Ibà mú Àdìjátù lóru. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ràmọ́nì gbé e lọ sí dìsípẹ́ńsárì. Nọ́ọ̀sì Mọ́ládé fún un lóògùn, ó sì rọra bi í pé kí ló dé tó fi dá rìnrìn àjò.

"Ìyá mi ń bínú sí mi ni," ni ọmọ náà wí. "Mo fa òwú rẹ̀ já. Ìyẹn ló ṣe lọ."

Ràmọ́nì kò mọ̀ pé ohun tó wà lọ́kàn ọmọ láti ọjọ́ yìí nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bàbá, ọmọ tí a kò sọ òótọ́ fún á wá ìdí fúnra rẹ̀, á sì dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Ẹ sọ ọ́ ní tààrà pé ìyá rẹ̀ kú, pé àìsàn ló pa á. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé òwú ìyá rẹ̀ sí i lọ́wọ́, kí ẹ jọ fi hun aṣọ."

"Mùsùlùmí ni wá, nọ́ọ̀sì. A kì í bọ òkú."

"Ta ló ní kí ẹ bọ ọ́? Ẹ ti ṣe àdúrà fún un. Aṣọ ni mo ní kí ẹ hun. Ṣé kì í ṣe iṣẹ́ yín ni?"

Nígbà tí ara ọmọ balẹ̀, Ràmọ́nì sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ti kú, pé àìsàn ló pa á.

"Kò ní padà wá mọ́?"

"Kò ní padà wá mọ́."

"Kì í ṣe nítorí òwú tí mo já?"

"Rárá. Mo ti já òwú rẹ̀ rí, èmi náà. Ẹ̀rín ló máa ń rín, á sì so ó padà."

Àdìjátù sunkún. Ràmọ́nì kò ní kó dákẹ́.

Ó gbé agbọ̀n sọ̀kalẹ̀ láti orí àjà. Àtọ́kẹ́ fi ìrànwú sí ọmọ lọ́wọ́, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ran òwú.

"Wo òwú yìí bí ìfun ewúrẹ́! Ìyá rẹ ì bá fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú," ni Àtọ́kẹ́ wí.

Àdìjátù rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ náà, orúkọ Àwáwù padà sẹ́nu gbogbo wọn.

Ràmọ́nì hun òwú ìyá àti ti ọmọ pọ̀ di aṣọ. Ibi tí ti ọmọ bá ti já, ó so ó, kò sì fi ojú kókó náà pamọ́. Oníbàárà kan bèèrè iye rẹ̀.

"Kì í ṣe títà," ni Ràmọ́nì wí. Aṣọ náà ni Àdìjátù ń fi bora sùn.

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́, bí ikú bá wọlé yín, ẹ má ṣe sọ fún ọmọdé pé ẹni tó kú rìnrìn àjò. Yóò máa retí rẹ̀, ó sì lè wọ ọkọ̀ lọ wá a. Ẹ sọ òótọ́ fún un ní ọ̀rọ̀ tó yé e. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé òun kọ́ ló fà á. Ẹ jẹ́ kó sunkún. Bí ẹ kì í bá ṣe ahunṣọ, ẹ lè gé ìró olóògbé rán ìrọ̀rí, tàbí kí ẹ sín ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ tó já padà. Ohun tó fi sílẹ̀ tí ẹ gbé sórí àjà, ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀, kí ẹ sì pe àwọn ọmọ wá jókòó tì í.