Obìnrin Tó Ní Kò Dùn Létí Òun

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ máa ń dùn mọ́ nínú. Ẹ fara balẹ̀, nítorí ìtàn tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń kánjú sọ. Ìtàn obìnrin kan ni, tó wọ ṣọ́ọ̀bù láti ra ẹ̀rọ orin, tó kọ ẹ̀rọ náà sílẹ̀, tó sì mú ẹni tó ṣe é lọ.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí i, ìta ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀ ni ọkùnrin náà dúró sí nínú oòrùn ọ̀sán, bí ọmọ iléèwé tí tíṣà lé jáde. Ó ga, eruku pákó kún irun orí rẹ̀, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó sì kẹ́yìn sí ilẹ̀kùn. Orin ń jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti inú ilé.

Ilé ìwòsàn ńlá ni obìnrin náà ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń dáhùn tẹlifóònù níbẹ̀. Ó ti gbọ́ ẹkún, ó ti gbọ́ èébú, ó ti gbọ́ irọ́ oríṣiríṣi. Bí ènìyàn bá mí lẹ́ẹ̀mejì péré, ó ti mọ̀ bóyá ibà ló ń ṣe é tàbí ìjayà. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń pè é ní Ehoro.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ó kí ọkùnrin náà. "Ta lẹ̀ ń dúró dè?"

"Oníbàárà mi ni."

"Níbo ló lọ?"

"Ó wà nínú ṣọ́ọ̀bù."

Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ pa Ehoro. "Oníbàárà jókòó sínú ilé, ẹni tó ni ilé ń yá oòrùn. Ṣé ó lé yín jáde ni?"

"Èmi ni mo lé ara mi." Ọkùnrin náà yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún sí i, ó rẹ́rìn-ín. "Bí mo bá jókòó tì í, ojú mi láá máa wò. Á ní ó dùn kí ojú má bàa tì mí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rọ orin dùn létí òun, òun àti etí rẹ̀ nìkan ló yẹ kó jọ sọ̀rọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ehoro lára. Bàbá rẹ̀ ló fẹ́ ra ẹ̀rọ náà fún, tíṣà orin tó ti fẹ̀yìn tì. Láti ọjọ́ tí ẹ̀rọ àtijọ́ wọn ti kú, ṣe ni bàbá ń fi ìbínú ka ìwé ìròyìn láàárọ̀. Ó sọ ọ́ fún ọkùnrin náà.

"Ẹ mú àwo orin kan wá lọ́la," ni ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ẹnjiníà wí, "èyí tẹ́ ẹ ti ń gbọ́ láti kékeré, tẹ́ ẹ mọ ibi tí olórin ti ń mí. Ẹ má mú tuntun wá o. Tuntun a máa tanni jẹ."

Lọ́jọ́ kejì, Ehoro gbé àwo tí bàbá rẹ̀ máa ń fi jí wọn fún iléèwé wá. Ẹnjiníà gbé e sórí ẹ̀rọ, ó tọ́ka sí àga tó dojú kọ sípíkà gíga méjì, ó sì bọ́ síta.

Orin kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ náà kọ tí Ehoro fi jáde.

"Ó dùn, àbí?"

"Ohùn rẹ̀ mọ́. Dùùrù ẹ̀yìn rẹ̀ náà mọ́. Àmọ́ kò dùn létí mi."

"Kí ló ṣe é?"

"Obìnrin tó ń kọrin yẹn, láti kékeré mi, ọ̀gangan àárín ló máa ń dúró sí, táá kọjú sí mi gbọnrangandan. Nínú ẹ̀rọ yín, ó ti lọ fara ti ògiri òsì, bí ẹni tí ara rẹ̀ ò yá."

Inú Ẹnjiníà ò dùn rárá. "Àǹtí, ọdún kẹwàá rèé tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí."

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n má wojú yín."

Ẹnjiníà wọlé, ó jókòó, ó gbọ́ orin náà. Létí tirẹ̀, àárín gbùngbùn ni obìnrin náà wà. Ó ṣẹ́jú sí Ehoro bí ẹni tó ti borí ẹjọ́.

"Ó dáa," Ehoro wí. "Ẹ yí àga yẹn padà. Ẹ kẹ́yìn sí sípíkà."

Ẹnjiníà fi í ṣe àwàdà, ó yí àga padà. Àfi bí ẹ̀rín ṣe kú mọ́ ọn lẹ́nu. Olórin tó wà láàárín ti sá lọ pátápátá sápá ọ̀tún rẹ̀. Sípíkà ò sì kúrò lójú kan. Òun nìkan ló yí.

Ehoro rọra pa ẹ̀rọ náà. "Láti àná lẹ ti ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún gbọ́ ọ̀rọ̀ mi. Mo rò pé ẹ ń fi ṣe yànga ni. Etí òsì yín ti rẹ̀, Ẹnjiníà. Ẹ sì ti ń fún sípíkà òsì lágbára kún kí méjèèjì lè dọ́gba létí yín, ẹ ò kàn mọ̀ ni."

Ọkùnrin náà jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n da omi tútù sí lára. Gbogbo ẹ̀rọ tó ti tà ló ń tò kọjá lójú rẹ̀. "Iṣẹ́ mi ti parí nìyẹn. Ta ló máa ra ẹ̀rọ orin lọ́wọ́ adití?"

"Ẹ ò dití. Ìdajì lẹ fi ń gbọ́." Ehoro gbé àwo rẹ̀, ó ń lọ sẹ́nu ọ̀nà. "Èmi ní méjì tó pé, aago mẹ́rin ni mo sì máa ń kúrò níbi iṣẹ́."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí aago mẹ́rin bá ti lù, ẹsẹ̀ Ehoro á ti mọ ọ̀nà. Ẹnjiníà á máa rẹ́ pákó, á máa jó wáyà pọ̀, Ehoro á jókòó sórí àga, á dijú. "Gbé e sọ́tùn-ún díẹ̀. Díẹ̀ ni mo ní, Onídajì mi, o ti pọ̀ jù." "Etí wo lo fi gbọ́ ìyẹn, Ehoro?" "Èyí tó sún mọ́ ẹ jù."

Lọ́jọ́ kan, wáyà ṣì wà lọ́wọ́ Ẹnjiníà nígbà tó ní, "Ehoro, mo fẹ́ fẹ́ ọ."

Ehoro dijú. "Sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Kí ló dé?"

"Kí n mọ̀ bóyá ó dùn létí mi."

Ó tún un sọ. Ó sì dìde bí ìṣe rẹ̀, ó ń lọ síta kí obìnrin náà lè ráyè gbọ́. Ehoro di aṣọ rẹ̀ mú. "Níbo lò ń lọ? Èyí ò nílò kí o jáde. Jókòó tì mí."

Ṣùgbọ́n bàbá wà nílé. Lọ́jọ́ tí Ehoro mú Ẹnjiníà lọ, apá òsì ọkùnrin náà ni bàbá jókòó sí. Ó bi í ní ìbéèrè lẹ́ẹ̀kan, ó bi í lẹ́ẹ̀kejì.

"Ṣé ògiri ni mò ń bá sọ̀rọ̀ ni?"

Kí Ehoro tó la ẹnu, Ẹnjiníà ti yíjú padà. "Ẹ dárí jì mí, sà. Etí òsì mi ò gbọ́ràn."

Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ìwọ sì ń ṣe ẹ̀rọ orin fún aráyé? Àwọn tó ti rà á lọ́wọ́ rẹ, ṣé wọ́n mọ̀?"

"Rárá, sà."

"Nígbà náà, a ò tíì ní nǹkan kan bára wa sọ. Ẹni tó lè fi irú èyí pa mọ́ fún oníbàárà, kí ni kò ní fi pa mọ́ fún ọmọ mi?"

Ehoro sunkún títí wọ́n fi dé ìkóríta. Ẹnjiníà ò sunkún. "Òótọ́ ni bàbá rẹ sọ," ó ní. "Bí mo bá sọ fún wọn, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ mi. Bí n ò bá sọ, ìwọ lo máa bọ́. Jẹ́ ká lọ."

Ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín kan tó ti ra ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. Ẹnjiníà sọ tẹnu rẹ̀, ó dorí kodò. Oníṣègùn eyín fò dìde.

"Ẹ ṣàánú mi! Àṣé kì í ṣe etí mi?"

"Kì í ṣe etí yín, sà."

"Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń sún àga mi sọ́tùn-ún! Ẹ wo ilẹ̀ bó ṣe họ! Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lọ fọ etí nítorí ẹ̀rọ yìí. Mo ní Ẹnjiníà ò lè ṣì í ṣe, èmi ni mi ò gbọ́ràn!" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń pe ìyàwó rẹ̀ kó wá gbọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ilé yòókù. Ìyá kan rò pé ilé òun ló wọ́. Awakọ̀ kan ti ń fẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀ gbọ́ orin. Gbogbo wọn ti mọ̀ pé kò dùn létí wọn, wọ́n kàn gba Ẹnjiníà gbọ́ ju etí ara wọn lọ ni. Ehoro á jókòó, Ẹnjiníà á tún un ṣe, olórin á padà sáàárín. Kò sí ẹnì kan tó dá ẹ̀rọ padà. Ṣe ni wọ́n ń rán ará àti ọ̀rẹ́ sí i.

Ta ló wá lọ yọ eyín lóṣù yẹn? Bàbá Ehoro ni. Oníṣègùn eyín ní kó la ẹnu gbàràgadà, ó wá fi gbogbo ìtàn náà tó o létí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bàbá ò sì lè jiyàn.

Ní Sátidé, bàbá yọ sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣì wú, àwo orin wà lábíyá rẹ̀.

"Ẹ bọ́ síta, ẹ̀yin méjèèjì."

Wọ́n dúró síta, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú. Ojú kìíní àwo parí. Wọ́n gbọ́ tí bàbá yí i sójú kejì. Ìyẹn náà parí. Ilẹ̀kùn ṣí.

"Òkè ohùn rẹ̀ mú díẹ̀," bàbá wí. Wọ́n wo ara wọn. Bàbá nu ojú. "Ó dùn létí mi. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi sọ fún ọmọ ọlọ́mọ ohun tó dára. Mi ò rántí ìgbà tí mo sọ ohun tó dùn létí èmi gan-an." Ó wo Ẹnjiníà. "Nígbà wo ni àwọn ènìyàn rẹ ń bọ̀ wá rí mi?"

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Bàbá," Ehoro ti dáhùn.

"Ìwọ kọ́ ni mo bi."

"Mo mọ̀, Bàbá."

Oṣù kẹta lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣègbéyàwó. Ẹ̀rọ tí àwọn méjèèjì jọ ṣe ló kọrin fún wọn, oníṣègùn eyín ló sì jó jù. Kò sẹ́ni tó sún àga rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kankan lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, aránṣọ tó rán aṣọ tí Ehoro wọ̀, ló sọ ọ́ fún mi, bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí.