Ta Ló Lu Rìnsọ́lá?

Ọjọ́ Ajé kan, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, ni Adérìnsọ́lá kọ́kọ́ wọ yàrá tí mo ti ń ya àwòrán egungun ní ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nílùú òyìnbó. Ó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì aláwọ̀ búlúù, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún di ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ mú. Èyí tó kéré jù lára wọn ti wú.

Ó ka orúkọ mi lára káàdì tó wà láyà mi. "Mobáyọ̀! Ọmọ ilé ni yín o. Ẹ káàárọ̀, sà. Wọ́n ní kí n wá ya àwòrán rẹ̀ kí n tó padà sókè."

"Kí ló ṣe é?"

"Mo ṣubú."

Mo gbé ọwọ́ rẹ̀ sórí tábìlì. Bí apá aṣọ rẹ̀ ṣe sún sókè ni mo rí àpá ìka mẹ́rin lápá rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá fi agbára di ẹlòmíràn mú. Ẹni tó ṣubú kì í ní irú àpá bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí àyà mi fi já. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Morọ́láyọ̀, tó wà ní Ìbàdàn, "ṣubú" fún ọdún mẹ́fà gbáko nílé ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ó ṣubú ní balùwẹ̀, ó ṣubú lórí àtẹ̀gùn, gbogbo wa sì gbà á gbọ́. Láti ìgbà tí a ti mọ òótọ́ ni mo ti pinnu pé ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún mi pé òun ṣubú, màá bi í lẹ́ẹ̀mejì.

Mo rọ ohùn mi sílẹ̀. "Ẹ má bínú, sísítà. Ṣé kò sí ẹni tó ń lù yín nílé?"

Ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Morọ́láyọ̀ náà máa ń rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wá a kiri. Àjà kẹrin ló ti ń ṣiṣẹ́, nígbà tó bá sì tó àkókò oúnjẹ ọ̀sán, a máa ń jókòó pọ̀. Kò pẹ́ tí a fi pa "ẹ" tì. Ó sọ fún mi pé òun àti ìyá òun ló jọ ń gbé ní Hillcrest Heights, pé òun kò ní ọkọ, pé Wálé nìkan ni ẹ̀gbọ́n òun. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ dùn, mo sì ti ń fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ Ajé ló máa ń dé pẹ̀lú àpá tuntun: lónìí orúnkún, lọ́jọ́ mìíràn ìgbọ̀nwọ́. Bí mo bá sì pè é ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, fóònù rẹ̀ kì í lọ títí di ìrọ̀lẹ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, mo lọ ra iṣu ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Lanham. Bí mo ṣe jáde ni mo rí Rìnsọ́lá nínú ọgbà ìgbọ́kọ̀sí. Òyìnbó gìrìwò kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó gbé báàgì kan fún un, ó sì gbá a léjìká. Rìnsọ́lá fà sẹ́yìn nítorí ìrora. Ọkùnrin náà wọkọ̀, ó lọ.

Mo gbé iṣu mi sílẹ̀, mo tọ̀ ọ́ lọ. "Ta ni ọkùnrin yẹn?"

"Ìwọ náà kúùrọ̀lẹ́ o," ló wí. "Jesse ni."

"Ṣé Jesse ló ń lù ọ́?"

Ojú rẹ̀ yí padà. "Mobáyọ̀, ṣé ò ń ṣọ́ mi ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mò ń ṣọ́ ọ. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí o bínú sí mi ju kí n dákẹ́ lọ."

Ó ṣí báàgì náà, ó fa bọ́ọ̀lù pupa kan yọ, tó rí bí ẹyin ńlá. "Wá sí pápá tó wà lẹ́yìn ilé ìkàwé lọ́la, aago mẹ́wàá. Wá wo gbogbo àwọn tó ń lù mí."

Mo lọ. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Australia ni. Wọ́n ń gbá a, wọ́n ń fi ẹ̀ṣẹ́ lù ú síra wọn, wọ́n ń fò gbà á lókè, ẹni tó bá sì gbé e dání, wọ́n lè dì í mú kí wọ́n gbé e ṣubú. Òpó mẹ́rin ló wà ní ìpẹ̀kun pápá: tí o bá gbá a gba àárín àwọn méjì tó ga jù, o jẹ àmì mẹ́fà, tó bá gba ẹ̀gbẹ́ wọn, àmì kan. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo kọ́ gbogbo èyí. Lọ́jọ́ yẹn, ohun tí mo rí ni obìnrin kan tó ga jù mí lọ tó gbé Rìnsọ́lá ṣánlẹ̀ bí àpò ìrẹsì. Mo ti sáré wọ inú pápá kí rẹfirí tó fun fèrè sí mi.

Rìnsọ́lá ń rẹ́rìn-ín nílẹ̀ níbẹ̀. "Padà sẹ́yìn ìlà, ọ̀gá ọlọ́pàá!"

Ojú tì mí. Ibẹ̀ náà ni mo sì ti mọ̀ pé mi ò lè fẹ́ ẹlòmíràn mọ́.

Àmì mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún sí méje ni wọ́n fi na ẹgbẹ́ Rìnsọ́lá. Patuxent Kites ni orúkọ ẹgbẹ́ náà. Èmi máa ń pè wọ́n ní Àwòdì. Jesse, tó jẹ́ kóòṣì wọn, sọ fún mi pé ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn kò sí ẹni tó lè dúró níwájú wọn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Australia tó wà nínú wọn padà sílé, àwọn mìíràn kó lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, ó wá ku mẹ́ta. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ní àwọn yóò yá a ní agbábọ́ọ̀lù, ó kọ̀. Àwọn tí kò fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù náà rí ló kó jọ: tíṣà kan, awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan, àti àwọn mẹ́rin mìíràn. Ó ní àtúnkọ́ náà yóò gba ọdún mẹ́ta. Mẹ́sàn-án péré ni wọ́n, mẹ́sàn-án náà ló sì gbọ́dọ̀ wà lórí pápá.

Rìnsọ́lá sọ ìyókù fún mi nínú ọkọ̀. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, iṣan orúnkún rẹ̀ já lórí pápá yẹn. Oṣù mẹ́ta ló fi tẹ ọ̀pá. Ìyá rẹ̀ mú un lọ sí ọ́fíìsì Venerable ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, Rìnsọ́lá sì fi ọwọ́ lé Bíbélì, ó búra pé òun kò ní fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù náà mọ́ láyé.

"Mo gbìyànjú, Mobáyọ̀. Oṣù mẹ́rin. Ṣùgbọ́n lẹ́nu iṣẹ́ mò ń rìn jẹ́jẹ́, mò ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Tí mo bá délé, jẹ́jẹ́ náà ni. Orí pápá yìí nìkan ni mo ti lè pariwo." Ó gbá ọwọ́ mi mú. "Má sọ fún ẹnikẹ́ni, olólùfẹ́ mi."

Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa pè mí bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Kí ni mi ò ní ṣèlérí?

Bí mo ṣe di alátìlẹ́yìn Àwòdì nìyẹn. Mo ra ìborùn aláwọ̀ ewé, mo ń gbé omi, mo ń kígbe. Àwa mẹ́ta la máa ń dúró lẹ́yìn ìlà: èmi, ọkọ tíṣà, àti ìyá arúgbó kan tó ń fa ajá rìn. Ẹni tó ń tẹ̀lé irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í wo ẹni tó borí. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tí bọ́ọ̀lù máa ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù kẹrin fò gbà á láàárín ènìyàn méjì ní oṣù kẹfà, a sì dì mọ́ra wa bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ. Lọ́jọ́ yẹn, àmì ọgọ́rin ni wọ́n fi nà wá.

Ní oṣù keje, mo lọ kí ìyá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àna ọ̀la. Mọ́mì gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ayọ̀ náà fi wà. Rìnsọ́lá ti sọ fún wọn pé ọ̀dọ̀ mi lòun ń lọ ní gbogbo Sátidé, lójú tiwọn, ọ̀dọ̀ mi náà ni àwọn àpá ara rẹ̀ ti ń wá nìyẹn.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan tí Rìnsọ́lá wà lẹ́nu iṣẹ́, Mọ́mì pè mí. Bọ̀ọ̀dá Wálé ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kò sẹ́ni tó fún mi lómi.

"Mobáyọ̀," ni Mọ́mì wí, "ọdún méjìlá ni mo fi tọ́jú àwọn arúgbó ní ìlú yìí. Mo mọ àpá ẹni tó ṣubú, mo mọ àpá ẹni tí wọ́n lù. Kí lẹ máa ń ṣe ní Sátidé?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ bi Rìnsọ́lá."

"Mo ti bi í. Ó ní òun ṣubú."

Bọ̀ọ̀dá Wálé sún mọ́ mi. "Ṣé ìwọ lò ń nà án? Bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ kọ́, sà. Ọlọ́run gbọ́."

"Ta wá ni?"

Mo rántí ìlérí tí mo ṣe fún Rìnsọ́lá. Mo rí i lójú wọn pé ìdákẹ́jẹ́ mi ti di ẹ̀rí. Ojú tí mo fi wo ọkọ Morọ́láyọ̀ lọ́jọ́ tí àṣírí tú ni wọ́n fi wò mí. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni yóò fi ojú yẹn wò mí láyé.

Ní ọjọ́ kejì mo dá Rìnsọ́lá dúró níwájú ilé ìwòsàn. "Sọ òótọ́ fún wọn lónìí."

Omi lé sí i lójú. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí ìdíje ńlá ọdún yìí tó wáyé. Tí Mọ́mì bá mọ̀, wọn ò ní jẹ́ kí n lọ. Ẹni mẹ́jọ kò lè bá wọn díje, olólùfẹ́. Gbogbo iṣẹ́ ọdún méjì! Fara dà á fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré."

"O mọ ìtàn ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo mọ̀ ọ́n."

"O mọ̀ ọ́n, o sì ní kí n fara dà á?"

Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Mi ò lọ sí pápá mọ́. Ó máa ń kọ̀wé sí mi lórí fóònù: "Méjìlélọ́gbọ̀n péré ni wọ́n fi borí wa." Mi ò fèsì, ṣùgbọ́n mo máa ń kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí ọjọ́ ìdíje pé, ilé ni mo jókòó sí ní Langley Park. Aago kan ọ̀sán kù díẹ̀ nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn. Mọ́mì ni, pẹ̀lú Bọ̀ọ̀dá Wálé. Mọ́mì gbé aṣọ tí mo rà fún wọn sórí àga.

"Mo wá dá ẹrù rẹ padà. Ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ló kù tí mò ń lọ. Ọmọ mi kò ní kú sí ọ lọ́wọ́."

"Mo ti fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí Rìnsọ́lá pé ibí la wà," ni Bọ̀ọ̀dá Wálé wí. "Kó má sọ pé a ṣe é lẹ́yìn òun."

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jókòó. Wọn ò jókòó. Mọ́mì ti ń sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ohùn wọn ti há, nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí láìkàn.

Rìnsọ́lá ló wọlé. Ṣòkòtò péńpé, bàtà bọ́ọ̀lù, aṣọ aláwọ̀ ewé tó kún fún ẹrẹ̀. Ètè rẹ̀ ti bẹ́, ẹ̀jẹ̀ sì ti gbẹ sí i lágbọ̀n.

Mọ́mì figbe ta. "Ta ló lù ọ́ báyìí?"

"Obìnrin kan láti Philadelphia ni, mà," ni Rìnsọ́lá wí, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. "A ń gbá bọ́ọ̀lù. Òun náà ló bu omi fún mi. Mọ́mì, Mobáyọ̀ kò fọwọ́ líle kàn mí rí. Èmi ló ń parọ́ fún yín. Mi ò fi bọ́ọ̀lù náà sílẹ̀."

Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, pẹ̀lú ẹrẹ̀. Mọ́mì rọra jókòó nígbà náà.

"O búra níwájú Ọlọ́run, Rìnsọ́lá."

"Mo búra, mà. Mo ṣẹ̀."

"O jẹ́ kí n máa ṣépè fún ọmọ ọlọ́mọ lórí àdúrà!"

Wọ́n sunkún. Bọ̀ọ̀dá Wálé wo ilẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Àbúrò, má bínú." Nígbà tí Mọ́mì nu ojú wọn tán, wọ́n pè mí sọ́dọ̀, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí. "Mobáyọ̀, ọmọ mi, dárí jì mí. Kí ló dé tí o kò sọ̀rọ̀?"

"Mo ṣèlérí fún un, mà."

Mo jáde sórí àtẹ̀gùn, Rìnsọ́lá tẹ̀lé mi. Kò sọ pé òun fẹ́ràn mi. Ó ní, "Ní ìdajì eré àkọ́kọ́ ni mo rí iṣẹ́ tí Bọ̀ọ̀dá Wálé rán. Mo fi wọ́n sílẹ̀ lẹ́ni mẹ́jọ."

"Kí ni Jesse wí?"

"Ó ní kí n sáré."

Mo wo ètè rẹ̀. Ìbínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà ṣì wà lọ́kàn mi, mi ò sì fẹ́ kí n fi í pamọ́. "Tí wọ́n bá tún fẹ̀sùn kàn mí lọ́la, Rìnsọ́lá, ọ̀sẹ̀ mélòó ni o máa ní kí n fara dà?"

"Mi ò ní jẹ́ kó tó ìṣẹ́jú kan. Ọkọ mi, mo ti rí ohun tí mo fi ọ́ ṣe. Mo rí i lójú ọ̀nà bí mo ṣe ń wakọ̀ bọ̀. Dárí jì mí."

Mo fi ìka nu ẹ̀jẹ̀ àgbọ̀n rẹ̀. A ò mọ̀ pé Mọ́mì ti dúró lẹ́yìn wa.

"Ṣé ó ti parí?" ni wọ́n bi í. "Bọ́ọ̀lù náà."

"Ó ku eré kan, mà. Aago mẹ́rin."

"Àwọn mẹ́jọ yẹn ń dúró dè ọ́ nìyẹn." Wọ́n tún gèlè wọn ṣe. "Ní Sọ́ńdè, èmi pẹ̀lú ẹ la jọ ń lọ bá Venerable. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín gbọ́dọ̀ lọ parí rẹ̀. Wálé, wá wakọ̀."

Bí Mọ́mì ṣe dúró lẹ́yìn ìlà nìyẹn, pẹ̀lú báàgì lápá. Nígbà tí wọ́n gbé Rìnsọ́lá ṣánlẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, Mọ́mì ti fẹsẹ̀ kan wọ inú pápá. Mo di ọwọ́ wọn mú.

"Ẹ dúró, Mọ́mì. Yóò dìde."

Ó dìde. Mọ́mì ò fa ọwọ́ wọn kúrò lọ́wọ́ mi títí ìdíje fi parí. Àmì mọ́kànlá péré ni wọ́n fi borí wa, èmi àti ọkọ tíṣà sì ń fò sókè bí ọmọdé.

"Ṣé ìpàdánù lẹ̀ ń yọ̀ sí báyìí?" ni Mọ́mì bi mí.

"Ẹ ò rí wọn ní oṣù kẹrin ni, mà."

Wọ́n mi orí. Rìnsọ́lá ń bọ̀ wá bá wa, ó ń tiro díẹ̀, ó ń wo ojú ìyá rẹ̀ láti òkèèrè.

"Oṣù wo ni nǹkan yìí máa ń parí lọ́dọọdún?"

"Oṣù kẹwàá, mà."

"Ẹ fi ìgbéyàwó yín sí oṣù kọkànlá, nígbà náà," ni Mọ́mì wí. "Mi ò fẹ́ kí ìyàwó máa tiro wọ ṣọ́ọ̀ṣì."

Oṣù kọkànlá náà la sì fi ṣe é.