Àyè Tí Kò Sí Nínú Fọ́ọ̀mù

Omi tíì ṣì ń hó lórí sítóòfù nígbà tí ọmọbìnrin kan ń fàmì lórí fọ́ọ̀mù sí iṣẹ́ tí ìyá rẹ̀ kò tíì ṣe. Bàbá télọ̀, arúgbó tí ìyá ń tọ́jú níbi iṣẹ́, ti wẹ̀. Ó ti jẹun tán. Wọ́n ti wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ìyá ṣì ń wá bàtà rẹ̀ kejì lábẹ́ àga.

"Màámi, báwo la ṣe mọ̀ pé bàbá máa jẹun tán?"

"Fàmì sí i jàre. Ìbéèrè rẹ pọ̀ ju irun orí rẹ lọ."

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ti ìjọba, ni ìyá ti ń ṣiṣẹ́. Tipẹ́tipẹ́, fọ́ọ̀mù ló ń darí wọn níbẹ̀: ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún ìwẹ̀, mẹ́ta fún ẹsẹ̀. Wọ́n ti dá ọ̀rẹ́ ìyá dúró rí nítorí àlàfo kan ṣoṣo tí kò fàmì sí. Nítorí náà, gbogbo òṣìṣẹ́ a máa fàmì sí i tán kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìyá kò kàwé púpọ̀. Ọmọ rẹ̀ ló ń bá a kọ tirẹ̀.

Ní oṣù tó kọjá, ọ̀gá tuntun dé, obìnrin tí kì í pariwo. Ó ní òun fọkàn tán wọn, pé wọ́n mọ àwọn arúgbó náà ju òun lọ. Kò sí fọ́ọ̀mù mọ́. Kí oníkálukú ṣe ohun tó yẹ, kó sì wá sọ ohun tó bá rí. Àwọn yòókù pàtẹ́wọ́. Ìyá kò gbà á gbọ́. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Ó ní ìdẹkùn ni, pé lọ́jọ́ kan wọ́n á béèrè fọ́ọ̀mù. Ó kó èyí tó kù wálé, ó sì ń ju ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú àpótí ara ògiri ibi iṣẹ́, tí wọ́n ti ń gba fọ́ọ̀mù tẹ́lẹ̀, láràárọ̀, kó tó wọ yàrá ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ yẹn, ọmọbìnrin náà yà síbẹ̀ lẹ́yìn ilé ìwé bó ti máa ń ṣe. Ìyá ń dúró dè é ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀gá ti ní kí wọ́n tú àpótí náà kúrò, wọ́n sì bá fọ́ọ̀mù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú rẹ̀. Ti àárọ̀ yẹn ló wà lókè: bàbá télọ̀ wẹ̀, ó jẹun tán. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kí ìyá tó dé ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti gbé bàbá lọ sí ọsibítù, apá kan ara rẹ̀ ti rọ.

"Wọ́n á lé mi," ìyá sọ ọ́ sí i létí. "Sọ pé ìwọ lo fi ìwé yẹn ṣeré. Ọmọdé ni ẹ́, wọn ò ní ṣe ẹ́ ní nǹkan kan."

Ó rọrùn. Gbólóhùn kan péré ni, ìyá rẹ̀ ló sì ń bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè àárọ̀ yẹn ṣì wà nínú rẹ̀, kò tíì rí ẹni dá a lóhùn. Nígbà tí ọ̀gá béèrè ẹni tó kọ ọ́, ọmọ náà bọ́ síwájú.

"Èmi ni mo kọ ọ́, mà. Mi ò fi ṣeré. Ilé la ti máa ń kọ ọ́, kí màámi tó jáde. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n."

Ìyá di ojú. Ọ̀gá da ojú fọ́ọ̀mù náà bolẹ̀ lórí tábìlì, ó ní kí ìyá sọ ohun tó mọ̀ nípa bàbá gan-an.

Ìyá kọ́kọ́ ń kólòlò, nígbà tó yá ẹnu rẹ̀ là. Bàbá kì í jẹun bí ibùsùn rẹ̀ kò bá tíì tẹ́ rẹ́gí. Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, ojú ló fi ń wọn èjìká rẹ̀. Àti pé láti ọjọ́ mẹ́ta, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló fi ń de bọ́tìnnì. Tòsì kàn ń wòran ni.

"Ọjọ́ mẹ́ta?" ni ọ̀gá wí. "Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún wa?"

"Kò sí àyè ẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù, mà."

Ìyá gbọ́ ohun tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde, omi sì lé ròrò sí i lójú.

Ọ̀gá kò lé e. Ó ní kó lọ sí ọsibítù nírọ̀lẹ́ yẹn, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ fún dókítà àti àwọn ọmọ bàbá ìgbà tí ọwọ́ náà bẹ̀rẹ̀. Ìyá ní ìyẹn le ju ìwé ìdádúró lọ. Bàbá padà lẹ́yìn oṣù kan, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì rẹ̀ kò de bọ́tìnnì mọ́.

Láti ìgbà náà, bí ìyá bá ti ń bọ́ bàtà, ọmọ rẹ̀ á béèrè pé, "Kí lẹ rí lónìí?" Ìyá á sọ, á sọ, títí oúnjẹ á fi tutù. Ọmọ náà kẹ́kọ̀ọ́ pé irọ́ tí ẹ̀rù mú ni pa, irọ́ náà ni, ó sì lè pa ẹlòmíràn lára. Ẹni tí wọ́n bá fọkàn tán, ẹ jẹ́ kó lajú kó rí i, kó sì lanu kó sọ ọ́ lásìkò.